Òṣòdì Tápà: ẹrú tí ó di balógun, àti orúkọ tí ó fi sílẹ̀ fún Èkó

Kò sí ọjọ́ tí ilẹ̀ mọ́ tí a kì í pe orúkọ Òṣòdì ní ìgboro Èkó. Láti Ìyànà Ìpájà dé Ìkẹjà, láti Ìsọlọ̀ dé Àpápá, orúkọ náà ni àwọn ọmọ ọkọ̀ ń fi ohùn gooro pè láti ìdájí títí tí alẹ́ fi ń lẹ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ, ọjà ni ó kọ́kọ́ ń wá sí i lọ́kàn, tàbí ibùdókọ̀, tàbí ojú irin tí ó gba àárín èrò kọjá. Àwọn kan ń rántí oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, nígbà tí ìjọba Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá wó àwọn ìsọ̀ tí ó ti gba ojú títì mọ́ àwọn awakọ̀ lọ́wọ́. Àwọn mìíràn kò mọ̀ ju ibùdókọ̀ ńlá alájà púpọ̀ tí wọ́n ṣí níbẹ̀ ní ọdún 2019. Ṣùgbọ́n kí Òṣòdì tó di ọjà, kí ó tó di ibùdókọ̀, oyè ènìyàn kan ni. Ẹni tí ó jẹ oyè náà tí òkìkí rẹ̀ fi kàn kì í ṣe ọmọ Èkó ní ìbí, kì í tilẹ̀ ṣe Yorùbá. Ẹrú ni wọ́n pè é nígbà tí ó kọ́kọ́ dé ìlú náà.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí a bá sọ ọmọ lórúkọ tán, tí ilé sì pa rẹ́, orúkọ nìkan ni yóò kù láti sọ irú ilé tí ó jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìtàn Òṣòdì Tápà ṣe rí. Inú ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan ni ìtàn náà wà: Tápà, ẹrú, Òṣòdì, Agídìǹgbì, Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Bí a ṣe ń pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, àti èdè tí a fi ń pè é, ni ó ti sọ bí àwọn ènìyàn ṣe lóye ọkùnrin náà láti ayé rẹ̀ títí di òní.

Ó tó ìgbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n bí i ní ilẹ̀ Núpé, ní òkè Odò Ọya. Landuji ni orúkọ tí ìtàn fi mọ̀ ọ́n kí ó tó joyè. Àwọn ènìyàn rẹ̀ kì í pe ara wọn ní Tápà. Núpé ni wọ́n ń pe ara wọn, Yorùbá ni ó ń pè wọ́n ní Tápà, orúkọ náà sì ti pẹ́ lẹ́nu Yorùbá, nítorí pé ìtàn Ọ̀yọ́ gan-an sọ pé ọmọ Tápà ni ìyá Ṣàngó. Ní ìgbà èwe Landuji, ogun ń jà ní ilẹ̀ náà, ìdílé ń tú ká, wọ́n sì ń kó ọmọdé àti àgbà wá sí ìhà etí òkun. Ọ̀kan nínú àwọn tí ìjì náà gbé wá ni Landuji. Ọmọdé ni nígbà tí ó dé Èkó, ó sì bá ara rẹ̀ ní ààfin Ọba Òṣìnlókun. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ ẹ̀yà rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ orúkọ rẹ̀. Ó lo púpọ̀ nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ ní Èkó, ó jagun fún Èkó, ó sì kú sí Èkó, síbẹ̀ Tápà ni wọ́n ń pè é títí ó fi kú.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ẹrú, ibẹ̀ sì ni èdè ti ń tan ènìyàn jẹ jù lọ. Àwọn tí ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ìtàn Èkó lo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó jẹ́ pé oko ìrèké àti oko òwú ní òdìkejì òkun ni ó máa ń mú wá sí ọkàn ẹni tí ó ń kà á. Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ọ̀ràn náà. Ìwọ̀fà yàtọ̀ sí ẹrú, nítorí gbèsè ni ó gbé ìwọ̀fà dé ilé olówó, bí wọ́n bá sì san owó náà tán, yóò máa lọ sí ilé bàbá rẹ̀. Ìlàrí jẹ́ ẹrú ọba, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ bíbí ìlú ni ó ń wárí fún un. Arọ́ta sì ni wọ́n ń pè ní Èkó ẹni tí ó wà lábẹ́ ìdílé ńlá, òun àti àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀, tí wọ́n ń gbé orí ilẹ̀ ìdílé náà. Ẹni tí ó bá kó gbogbo wọn sínú ọ̀rọ̀ kan kò ní lè lóye bí ọmọdé tí wọ́n mú wá láti òkèèrè ṣe di ẹni tí ó ń pàṣẹ ogun. Bákan náà, ẹni tí ó bá gbára lé àwọn orúkọ Yorùbá nìkan lè gbàgbé pé ohun tí ó ń dun ènìyàn ni gbogbo wọn ń sọ. Wọ́n lè ta ẹrú, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n sì tà ní etíkun Èkó ní àkókò náà kò padà mọ́.

Landuji ní tirẹ̀ kọjá òkun, ó sì padà. Ọba Òṣìnlókun ni ó rán òun àti ọmọkùnrin mìíràn tí ń jẹ́ Dàda Antonio lọ sí Brazil pẹ̀lú àwọn oníṣòwò Potogí. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ èdè Potogí. Nígbà tí ó padà dé, ó ti gbọ́ èdè ilé bàbá rẹ̀, ó gbọ́ Yorùbá bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Èkó, ó sì gbọ́ èdè àwọn tí ń fi ọkọ̀ òkun ṣòwò pẹ̀lú ọba. Ní ìlú tí owó ọba ti ń wá láti ọwọ́ àwọn oníṣòwò wọ̀nyí, ẹni tí ó lè bá wọn sọ̀rọ̀ láìsí agbọ̀fọ̀ kì í ṣe ẹni kékeré. Ọba fi í ṣe ẹni tí ń gba owó tí ó tọ́ sí ààfin lórí ọjà. Ahọ́n rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ gbé e ga kí idà tó gbé e ga. A kò gbọdọ̀ sì gbàgbé irú ọjà tí ó pọ̀ jù nínú òwò náà. Ènìyàn ni. Ẹni tí wọ́n mú wá bí ẹrú wá di ẹni tí ọrọ̀ rẹ̀ ń ti òwò ẹrú wá. Ìtàn rẹ̀ kò ní pé bí a bá fi èyí pamọ́.

Nínú ààfin ni ó ti gba oyè Òṣòdì. Oyè àwọn tí ó súnmọ́ ọba ni, tí wọ́n ń ṣọ́ ìyẹ̀wù ọba, tí wọ́n sì lè wọ ibi tí ẹlòmíràn kò lè wọ̀. Ní ààfin Bìní náà, oyè kan wà tí wọ́n ń pè ní Osodin, iṣẹ́ tirẹ̀ sì jẹ mọ́ ilé àwọn olorì. Ìtàn sì so ìdílé ọba Èkó mọ́ Bìní. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí àwọn ọmọ ọkọ̀ ń pè lójoojúmọ́ yìí ní ọ̀nà ààfin méjì nínú, ọ̀pọ̀ ẹni tí ń pè é kò sì mọ̀.

Lẹ́yìn Òṣìnlókun, ìjà oyè gba Èkó kan. Ọmọ Òṣìnlókun ni Ọmọọba Kòsọ́kọ́. Ó ti bá Elétù Òdìbò, ẹni tí ó lágbára jù nínú àwọn tí ń fi ọba jẹ, jà nítorí obìnrin kan, ìjà náà kò sì tán títí tí Olúwọlé fi gorí ìtẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1837. Kòsọ́kọ́ sá kúrò nílùú, ó sì gba Ouidah lọ. Nígbà tí àrá sán sí ẹ̀tù ìbọn ní ààfin tí ó sì pa Ọba Olúwọlé ní ọdún 1841, wọ́n fi Akíntóyè, arákùnrin bàbá Kòsọ́kọ́, jọba. Akíntóyè fẹ́ kí ìdílé rẹ̀ parí ìjà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Elétù Òdìbò kìlọ̀ fún un. Ó ránṣẹ́ pe Kòsọ́kọ́ padà, Òṣòdì Tápà ni ó sì rán lọ sí Ouidah láti mú un wá. Ó fi Kòsọ́kọ́ jẹ Ọlọ́jà Eréko. Kò pẹ́ kò jìnnà, ohun tí Elétù Òdìbò ń bẹ̀rù ṣẹlẹ̀.

Ní oṣù keje ọdún 1845, Kòsọ́kọ́ gbé ogun ti Akíntóyè. Òṣòdì Tápà sì wà lẹ́yìn Kòsọ́kọ́, ọmọ olúwa rẹ̀ tí ó tọ́ ọ. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi jà láàárín ìlú. Orúkọ tí àwọn ará Èkó fún ogun náà ni Ogun Olómirò, nítorí omi ọ̀sà oníyọ̀ ni ó kù fún àwọn tí ogun há mọ́ láti mu. Orúkọ náà kò sọ ẹni tí ó ṣẹ́gun, kò sì sọ ẹni tí ó jàre. Ìyà ẹnu àwọn tí òùngbẹ ń gbẹ ni ó fi pamọ́ fún àwọn ọmọ wọn. Bí a bá wo ìwé tí ó ka ọba àti ọdún nìkan, a kò ní rí òùngbẹ náà níbẹ̀.

Nígbà tí Akíntóyè rí i pé agbára òun kò ká a mọ́, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó sì forí lé ọ̀nà Agbóyì. Òṣòdì Tápà àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ni ó ń ṣọ́ ọ̀nà omi náà. Ọba tí ó rán an ní iṣẹ́ àlàáfíà lánàá ni ó wà níwájú rẹ̀ yìí, ọ̀gá tí ó ń bá jagun sì wà lẹ́yìn. Òṣòdì jẹ́ kí Akíntóyè kọjá. Àlàyé tí ó ṣe fún Kòsọ́kọ́ ni pé oògùn ọba náà mú òun àti àwọn ènìyàn òun, wọn kò sì lè gbé ọwọ́. Kòsọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ náà, nítorí kò sí ọmọ Èkó tí ó lè jiyàn pé ọba lè ní irú oògùn bẹ́ẹ̀. Bí Òṣòdì bá pè é ní àánú, orí rẹ̀ ni ì bá fi dí i. Ó pè é ní oògùn, ẹ̀mí méjì sì là.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó yí ìtàn Èkó padà. Akíntóyè dé Abẹ́òkúta láàyè, ó gba ibẹ̀ dé Àgbádárìgì, ó sì bá àwọn ajíhìnrere àti aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn pé bí wọ́n bá dá òun padà sórí ìtẹ́, òun yóò fòpin sí òwò ẹrú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1851, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ kọlu Èkó, wọ́n sì lé wọn padà. Wọ́n tún wá ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kejìlá. Òṣòdì Tápà wà nínú àwọn balógun tí ó dúró tì Kòsọ́kọ́ nígbà tí ọta àwọn ọkọ̀ ogun ń bọ́ sórí ilé tí iná sì ń jó ìlú. Kí oṣù náà tó parí, Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti gba orí omi sá lọ. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1852, Akíntóyè tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pẹ̀lú àwọn tí ó dá a padà.

Nínú ìwé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ ìjà náà ni ìtẹ̀lóríba Èkó, iṣẹ́ rere tí wọ́n ṣe láti pa òwò ẹrú run. Lẹ́nu àwọn ará Èkó, Ogun Agídìǹgbì ni, nítorí bí ìbọn ńlá ṣe ń dún, àwọn mìíràn sì ń pè é ní Ogun Ahóyaya, nítorí ìlú tí ó hó bí omi orí iná. Orúkọ kìn-ín-ní sọ ìdí tí àwọn tí ó yin ìbọn fi yìn ín. Orúkọ kejì sọ ohun tí ó bá àwọn tí wọ́n yin ìbọn sí. Ẹni tí ó bá kọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì nìkan kò ní gbọ́ ariwo náà, kò ní rí ilé tí ó jóná. Ẹni tí ó bá gbọ́ Agídìǹgbì nìkan kò ní béèrè ohun tí wọ́n ń tà ní etíkun Èkó kí ìbọn tó dún. Òótọ́ wà nínú orúkọ méjèèjì, àlàfo sì wà nínú méjèèjì.

Ẹ̀pẹ́ ni Kòsọ́kọ́ àti Òṣòdì fìdí kalẹ̀ sí. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti gbìyànjú láti gba Èkó padà ní ọdún 1853, tí kò ṣeé ṣe. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1854, Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, bá Kòsọ́kọ́ ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́, ó sì gbà fún un láti máa ṣòwò níbẹ̀, kí òun náà jáwọ́ nínú òwò ẹrú. Wọ́n ṣòwò, wọ́n kọ́lé, wọ́n bímọ. Títí di òní, ìhà méjì ni Ẹ̀pẹ́ pín sí, Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ àti Èkó Ẹ̀pẹ́. Àwọn tí ó bá Kòsọ́kọ́ wá tí wọn kò padà ni wọ́n ń jẹ́ Èkó Ẹ̀pẹ́.

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú, ọmọ Akíntóyè, tọwọ́ bọ ìwé tí ó fi Èkó sí abẹ́ Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì, lábẹ́ ìhàlẹ̀ ọkọ̀ ogun. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ohun tí ìwé náà ní ọba fi sílẹ̀ ni erékùṣù Èkó àti gbogbo ẹ̀tọ́ tí ó wà lórí rẹ̀. Àwọn olóyè Ìdẹ́jọ, àwọn tí ó ni ilẹ̀, sì fárí gá pé ọba kò lè fi ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ tọrẹ. Láti ọjọ́ náà ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé kan ti di ohun tí ilẹ̀ fi ń bọ́ lọ́wọ́ olówó rẹ̀ tàbí tí ó fi ń dúró.

Ìjọba tuntun fẹ́ kí ọkàn ìlú balẹ̀. Ní ọdún 1862, wọ́n gba Kòsọ́kọ́ láyè láti padà sí Èkó, kì í ṣe bí ọba, wọ́n sì ń san £400 fún un lọ́dún. Òṣòdì Tápà náà padà pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́yìn rẹ̀. Ìjọba fún un ní ilẹ̀ ní erékùṣù Èkó, ó sì pín àwọn ènìyàn rẹ̀ sí agbo ilé 21. Àwọn ará Èkó kò wá orúkọ jìnnà. Àwọn tí ó ti Ẹ̀pẹ́ bọ̀ ni ó tẹ̀ ibẹ̀ dó, nítorí náà Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ni wọ́n ń pè é. Ní àkókò tí John Hawley Glover, ẹni tí àwọn ènìyàn ń pè ní Gólóbà, ń ṣàkóso Èkó, Òṣòdì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè tí ìjọba ń fi ọ̀rọ̀ lọ̀. Balógun tí ó dojú ìjà kọ ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti di àgbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń bá gbìmọ̀. Ó kú ní ọdún 1868. Kòsọ́kọ́ kú lẹ́yìn rẹ̀ ní ọdún 1872.

Ikú rẹ̀ kò pa ìtàn náà. Ìjọba ti fi ìwé ilẹ̀ fún àwọn olórí agbo ilé Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé náà sì dàbí ẹni pé ó sọ wọ́n di onílẹ̀ tí ó lè tà á bí ó ti wù ú. Ní ìlànà ìbílẹ̀, arọ́ta ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti gbé ibẹ̀, àwọn àti ọmọ wọn, ẹnikẹ́ni kò sì lè lé wọn láìnídìí, ṣùgbọ́n orí ìdílé Òṣòdì ni ilẹ̀ náà dúró lé. Gẹ̀ẹ́sì kò ní ọ̀rọ̀ fún irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ náà gùn títí ó fi dé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Lọ́ńdọ́nù ní ọdún 1930, lórúkọ Olóyè Sakariyawo Òṣòdì. Ó ti di dandan fún àwọn adájọ́ níbẹ̀ láti wádìí ohun tí àwọn ará Èkó fúnra wọn gbà pé ẹ̀tọ́ arọ́ta àti ti olórí ìdílé jẹ́. Ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú, ní 1921, ilé ẹjọ́ kan náà ti dá Olóyè Amodu Tijani Olúwa láre lórí ilẹ̀ Àpápá. Ohun tí ó sì tẹnu mọ́ ni pé a kò gbọdọ̀ fi òye Gẹ̀ẹ́sì nípa ilẹ̀ túmọ̀ àṣà ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Ní ọdún 1947, ó di pé kí ìjọba ṣe òfin ọ̀tọ̀ lórí ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Ohun tí ó tó ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú ọkùnrin náà, wọ́n ṣì ń wá ọ̀rọ̀ tí ó tọ́ láti fi sọ bí ó ṣe pín ilẹ̀ fún àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹfà ọdún 1994, Olóyè M.K.O. Abíọ́lá dúró ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ó sì kéde ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ààrẹ tí àwọn ará Nàìjíríà dìbò yàn. Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá gbọ́ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ìkéde Abíọ́lá ni wọ́n ń rántí. Ìtumọ̀ tuntun ti gun orí ti àtijọ́, bí ìsọ̀ àti ibùdókọ̀ ṣe gun orí ti Òṣòdì ní ìhà òkè ilẹ̀.

Kò burú bí orúkọ bá gba ìtumọ̀ kún ìtumọ̀. Ohun tí ó burú ni kí ti ìsàlẹ̀ sọnù. Àwọn kan wà lónìí tí wọ́n ń fi ẹnu ọ̀rọ̀ ya ọmọ Èkó sọ́tọ̀ kúrò lára àjèjì, tí wọ́n ń sọ ẹni tí ó lè jókòó àti ẹni tí ó yẹ kí ó padà sí ìlú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń wọkọ̀ ní Òṣòdì láti lọ sí ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Orúkọ tí wọ́n pè fún awakọ̀ kí ó tó gbé wọn ni orúkọ oyè ọmọ Núpé kan, tí wọ́n mú wá sí Èkó ní ọmọdé, tí ó gbọ́ èdè ènìyàn mẹ́ta, tí ó jẹ́ kí ọba kan kọjá lórí omi Agbóyì, tí ó sì fi agbo ilé mọ́kànlélógún sílẹ̀ ní àárín Èkó.